Àjọkẹ́, Gun Orí Ọkọ̀ Yẹn Kí Òjò Tó Tún Rọ̀

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Fẹ́mi ọkọ rẹ, mo sì kí Àánú, ọmọ oṣù méje tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ìyá rẹ náà kí yín, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun kò lọ́wọ́ nínú lẹ́tà gígùn, pé bí ó bá bí ọ nínú, èmi nìkan ni kí o bá jà. Ìdí tábìlì kíṣìnì ni mo wà. Láti àárọ̀ ni òjò ti ń rọ̀ ní Mayesbrook, mo sì ti wo fóònù mi lẹ́ẹ̀mẹrin kí n lè mọ̀ bóyá ó ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín náà. Ó ń rọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú bírò.

Wàá ní kí ló dé tí n kò pè. Mo kúkú ti pè. Lọ́jọ́ Ajé mo pè ọ́ nípa àmì tí mo rí lókè ibi tí Àánú ń sùn nígbà tí ẹ wá kí wa ní Sunday, o ní, "Daddy, it's just condensation. Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre." Lọ́jọ́rú mo tún pè, Fẹ́mi ló gbé e. Ó ní, "Daddy, ẹ má worry sir, roof yẹn solid gan-an, the man that sold it to us said they resealed it." Mo bi í pé ta ló gun òkè lọ wò ó nínú yín. Ó rẹ́rìn-ín. "Ah, Daddy, nobody's been up there, sir." Ọmọ dáadáa ni Fẹ́mi, tọkàntọkàn ló sì máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Kí o má rò pé inú mi kò dùn sí iṣẹ́ tuntun rẹ. Ó dùn gan-an. Ọmọ tí mo máa ń gbé kọ́ èjìká lọ sí ọjà East Street ló wá di físíò tó ń kọ́ àwọn arúgbó bí wọ́n ṣe máa tún rìn, tí àwọn ọsibítù etí òkun ń pè, oṣù mẹ́ta níbí, oṣù mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ó yé mi ìdí tí ẹ fi fi fúláàtì yín ní Barking sílẹ̀, tí ẹ ra ọkọ̀ àlòkù tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti balùwẹ̀ nínú, tí ẹ sì ń gbé inú rẹ̀ lọ síbi tí iṣẹ́ bá pè ọ́ sí. Ẹnì kan bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Bàbá Mojí, ṣé lóòótọ́ ni pé Mojí ò nílé mọ́?" Mo ní ó nílé o, tirẹ̀ ló ní táyà, ilé ta ló lè rìn nínú yín? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní Sunday tí mo wí yẹn, bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ wọ inú ọkọ̀ yín, òórùn kan pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin kò lè gbọ́ ọ mọ́, torí inú rẹ̀ lẹ ń gbé. Òórùn aṣọ tí wọ́n ká sínú àpò kí ó tó gbẹ ni. Mo gbójú sókè, mo rí àmì yẹn ní igun, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, etí rẹ̀ sì dúdú ju àárín rẹ̀ lọ. Kí n tó sọ̀rọ̀, o ti ń fi inú ọkọ̀ han àwọn ará ilé kejì wa, mo sì gbọ́ tí o sọ fún wọn pé, "When I was three we lived in a caravan at Creekmouth, you know. Best time of my life. You could hear the rain." Inú rẹ dùn, ojú rẹ ń tàn. Ìyá rẹ wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

Àjọkẹ́, èmi ni mo fi ìtàn yẹn lé ọ lọ́wọ́. Láti kékeré rẹ ni mo ti ń sọ ọ́ fún ọ, mo sì da ṣúgà sí i ní àdàjù. Ní báyìí tí o ti tìtorí rẹ̀ tẹ́ ọmọ rẹ sábẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí kò ní ṣúgà. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ kà á. Má kàn sáré wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí o ṣe máa ń ṣe mẹ́sééjì mi lórí fóònù.

O kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ mi, tó fẹ́ kó lọ sí Spéènì, sọ pé òun kò lè wọ́ káráfáànù òun, ilé kékeré onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, débẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá mú un. Kí ó tó pa ẹnu dé, mo ti nawọ́ sókè. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n mo fi ọṣẹ fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ó fi ń dán, mo wọ́ ọ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Creekmouth, sẹ́yìn gbọ̀ngàn tí a ń lò nígbà náà láàárín àwọn tó ń gé mábù àti àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe. O mọ̀ pé ìjọ wa máa ń lọ gbàdúrà létí òkun lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, pẹ̀lú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, tí afẹ́fẹ́ á sì máa ti àwọn ìyá àgbà síwá sẹ́yìn. Inú káráfáànù yìí ni wọn á ti máa pààrọ̀ aṣọ, ibẹ̀ ni wọn á ti máa sá fún òtútù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n fi mí ṣe Alábòójútó Káráfáànù. Mo ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìjẹ̀bú, mo dúró gbọnin bí ẹni tó ra ọkọ̀ òfúrufú.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ tó ń dán ni mo wò, n kò wo orí rẹ̀ rárá. Len, òyìnbó àgbàlagbà tó ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wà lórí àkàbà lọ́jọ́ kan, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì rí orí káráfáànù wa láti ibẹ̀. Ó ní, "That roof wants doing, mate. Your seams have gone." Ìyẹn ni pé àwọn oríkèé òrùlé náà ti là. Mo ní, "Thank you sir, God bless you." Mo rò pé iṣẹ́ ló ń wá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún wá bá mi: "I'm not selling you nothing. Just get up there and have a look." Mo tún ní God bless you. N kò gun ibì kankan.

Nítorí náà, èkíní: ẹ gun orí rẹ̀. Kì í ṣe kí ẹ dúró nísàlẹ̀ wò ó, kì í sì í ṣe kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, àti lẹ́yìn ìjì èyíkéyìí tó bá le, kí Fẹ́mi gun àkàbà, kí ìwọ di ìdí àkàbà náà mú. Má jẹ́ kí ó gùn ún nígbà tí o kò bá sí nílé, mo bẹ̀ ọ́, torí àkàbà tún jẹ́ ẹ̀rù mi mìíràn. Ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ ni o. Kó má rìn káàkiri lórí rẹ̀. Kó tẹ́ pákó fífẹ̀ kan, kó kúnlẹ̀ lé e, torí òrùlé yẹn kò nípọn tó bí ẹ ṣe rò. Kó fi omi, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ìgbẹ́ ẹyẹ àti ewé kúrò, àti àwọn nǹkan aláwọ̀ ewé wẹ́wẹ́ tó máa ń hù síbi tó bá tutù. Ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi. Ó máa ń ti omi gba ibi tí òjò fúnra rẹ̀ kò lè gbà.

Ìgbà tó bá mọ́ tán ni kó tó wá wo gbogbo oríkèé rẹ̀: ibi tí orí ti pàdé ẹ̀gbẹ́, etí fèrèsé tó wà lórí òrùlé, ìdí ọ̀pá tẹlifíṣọ̀n, ìdí sólà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lé e. Wọ́n lu ihò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, gọ́ọ̀mù nìkan ló sì ń dí ihò náà. Gọ́ọ̀mù máa ń gbó. Oòrùn á gbẹ ẹ́, òtútù á là á. Bí ó bá rí ibi tó là bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì kọ ọjọ́ tó rí i sínú ìwé kan tí ẹ kò ní sọ nù.

Èkejì ni ìyá rẹ ní kí n fò kọjá. N kò ní fò ó.

Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, a lọ sí etí òkun fún àdúrà. Òjò kò jẹ́ kí a lè dúró níta, làwọn àgbà bá há ara wọn sínú káráfáànù, bíi mẹ́jọ, eékún kan eékún. Màmá Ìjọ, ìyá tó dàgbà jù nínú wa, ń gbàdúrà fún àwọn tí kò tíì rí ìwé ìgbélùú gbà. Bó ṣe ní, "Bàbá, fi àmì kan hàn wá," ni omi já bọ́ láti òkè sí àárín orí rẹ̀. Ó pariwo "Halelúyà!" Òmíràn tún já bọ́. "Omi ìbùkún rè é o! Ẹ gbé abọ́ wá!" Ta ló gbé abọ́ wá? Bàbá rẹ ni.

Mo mọ ohun tí omi yẹn jẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí mo ń gbálẹ̀ inú rẹ̀, mo ti rí ìmọ́lẹ̀ létí fèrèsé òrùlé níbi tí kò yẹ kí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé wà lójú wọn, èmi sì ni Alábòójútó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ là á mọ́lẹ̀ pé òrùlé mi ló ń jò? Mo di abọ́ mú sábẹ́ ibi tó ń jò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé ìgò wá sí Creekmouth láti bu omi tó ń jò náà. Arábìnrin kan fi omi náà bọ́jú lọ ṣe ìdánwò ìwakọ̀ tó ti kùnà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yege! Ìyẹn ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló tó bẹ́ẹ̀ tó máa lọ dí ihò náà?

Má bá mi fi Màmá Ìjọ ṣẹ̀sín o. Olódodo obìnrin ni, ohun tó rí ló gbà gbọ́. Èmi tí mo mọ̀ tí mo gbé abọ́ ni mo jẹ̀bi. Mo ṣì ń gbàdúrà, wàá sì bá mi nínú sùtánà ní Sunday tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ níbì kankan nínú àdúrà pé kí ènìyàn má dí ihò.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé kí ẹ má fún omi ní orúkọ mìíràn. Àwa pè é ní ìbùkún, ẹ̀yin ń pè é ní condensation. Ó lè jẹ́ òótọ́ yín o, n kò sọ pé kò lè jẹ́. Èémí ènìyàn àti oru ìkòkò máa ń di omi lára gíláàsì àti irin tó tutù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá nu ún tí ẹ ṣí fèrèsé, ó máa ń gbẹ lọ. Èyí tó wá láti òkè kì í lọ. Ó máa ń fi etí aláwọ̀ igi sílẹ̀, á sì máa fẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí àmì yẹn ká. Lẹ́yìn tí òjò bá rọ̀, ẹ wò ó. Bí ó bá ti kọjá ìlà, ọ̀rọ̀ ti tán. Kí ẹ sì má rò pé tààrà òkè àmì náà ni ihò máa wà. Omi lè wọlé níwájú ọkọ̀, kó rìn gba inú igi, kó wá yọjú lẹ́yìn, níbi tí ọmọ ń sùn sí.

Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá láti mú tíì rẹ̀. Ó bojú wo ìwé yìí lórí èjìká mi, ó ní, "Ṣé ẹ ti débi dókítà?" Mo ní n kò tíì débẹ̀. Ó ní, "Ẹ débẹ̀ o." Ó lọ.

Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ní October, onílé wa ta ilé, a sì ní láti kó jáde. Àwọn alàgbà gbà kí a wà nínú káráfáànù lẹ́yìn gbọ̀ngàn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kò tán títí di February. Abọ́ mẹ́ta ni a tẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Òjò tí o rántí pé ó ń dún, Àjọkẹ́, kì í ṣe orí òrùlé lo ti ń gbọ́ ọ. Inú abọ́ ni.

Nígbà tí ìyá rẹ kò jẹ́ kí n sinmi mọ́, mo lọ sí East Street, mo ra gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń dí etí balùwẹ̀. Mo dúró lórí àga, mo nawọ́ sókè, mo fi pa gbogbo ibi tí ọwọ́ mi dé, lórí èérí, lórí gọ́ọ̀mù àtijọ́, lórí omi pàápàá. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tó fi ṣí. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí mo wá rí gọ́ọ̀mù gidi rà, kò lẹ̀ mọ́ ibi tí ti balùwẹ̀ ti kọ́kọ́ kàn. Mo bá so tapólín búlúù bò ó látòkè délẹ̀, mo ní ó parí. Afẹ́fẹ́ odò ń gbá tapólín náà mọ́ ọn lára, ó ń ha á, ọ̀rinrin inú kò sì rí ibi jáde mọ́. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí làágùn. Ìyá rẹ ń sá sùtánà wa sínú ibẹ̀ nítorí kò síbi mìíràn, àmì dúdú wẹ́wẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ lára aṣọ funfun. Àwọn akọrin ń bi ara wọn léèrè ẹni tó ń ta yíǹkì sí aṣọ Bàbá Mojí.

Bóyá ẹ̀kẹta nìyí, bóyá ẹ̀kẹrin, n kò mọ̀ mọ́. Ẹ béèrè gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún orí irú ọkọ̀ yín, kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n fi ṣe òrùlé náà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ ha èyí tó ti gbó kúrò títí dé ìdí, ẹ fi sípíríìtì nu ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó fi tuntun sí i. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ sì rí i tó gun òkè. Ẹ má so tapólín mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ bò ó, aṣọ ìbora tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá ni kí ẹ rà. Ẹ má páàkì sábẹ́ igi nítorí ibòòji. Ewé á dí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀, omi á sì dúró. Ibi tó tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan dára, kí òjò lè ṣàn lọ. Bí ẹ bá ń se ọbẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, kódà bí òtútù bá mú. Aṣọ Àánú, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ aṣọ. Mo mọ̀ pé ó ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Ó ti tó, mo ti débi tí ìyá rẹ wí.

Láti December ni o ti ń wúkọ́. A ní òtútù ni. A fún ọ ní oyin, a fún ọ ní àgbo, a gbàdúrà sí ọ lórí. Ní òwúrọ̀ kan ní February, o ń mí bí ẹni tó sáré láti Barking dé Creekmouth, ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ ń wọlé ń jáde, o kò sì sunkún. Pé o kò sunkún yẹn ló dẹ́rù bà wá jù. Len ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù. Wọ́n fi nǹkan bò ọ́ nímú kí o lè mí, dókítà obìnrin kan sì jókòó tì wá, ó rọra bi mí pé, "Is there any damp where she sleeps?"

Mo ní, "No, doctor. It's a nice place. Very dry."

Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún ní no. Àjọkẹ́, mo wo ojú dókítà tó fẹ́ gba ẹ̀mí ọmọ mi là, mo sì purọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá gbọ́ ibi tí a ń gbé, wọ́n á gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Ojú sì ń tì mí. N kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, mo sì ti ń rò ó láti ọjọ́ náà.

Ìyá rẹ, tí kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu níwájú ẹnikẹ́ni, dìde dúró. Ó ní, "Doctor, my husband is not telling you true. Water dey enter. E dey enter well well, since October." Lẹ́yìn náà ló wá bú sẹ́kún. Dókítà kò pariwo mọ́ wa. Kò sí ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá mọ ohun tó ń tọ́jú, ó ní kí a má ṣe gbé ọ padà síbẹ̀ láé. Jẹ́lì pupa tí o máa ń sọ pé a ń fún ọ jẹ nínú káráfáànù, wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti fún ọ, lọ́jọ́ kẹsàn-án, nígbà tí o tó lè gbé nǹkan mì.

Màmá Ìjọ ló gbà wá sílé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un ní pálọ̀ rẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun tí omi yẹn jẹ́. Mo rò pé ó máa gégùn-ún fún mi. Ó wá ní, "Bàbá Mojí, ṣé o ò lè sọ fún mi ni? Ṣẹ́gun ọmọ mi, iṣẹ́ òrùlé ló ń ṣe ní Dagenham!" Ọjọ́ kan péré ni iṣẹ́ náà ì bá gbà á. Nígbà tí Len sì ṣí ògiri ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, ó ti àtàńpàkò rẹ̀ bọ igi inú rẹ̀, ó wọlé títí dé ìdí. Ó ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.

Ka apá tó kù yìí sókè kí Fẹ́mi lè gbọ́. Fẹ́mi ọmọ mi, mi ò bínú sí ẹ̀rín rẹ. Mo mọ̀ pé ìwọ lo yan ọkọ̀ náà, ìwọ lo sọ fún àwọn òbí rẹ pé ohun gbogbo ló pé. Ó ṣòro kí ọkùnrin tó ti sọ bẹ́ẹ̀ tún wá sọ pé ó ń jò. Sọ ọ́. Kò sí ẹni tí yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, èmi ni yóò kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí òun wà ní February ọdún yẹn.

Mojí, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò pọ̀. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, má pè mí. Kọ́kọ́ gbé Àánú kúrò níbẹ̀, kí o wá fi àtàńpàkò rẹ tẹ àmì yẹn dáadáa, kí o tẹ ògiri tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí o tẹ ilẹ̀ pàápàá. Bí ó bá le gbagidi, tí ìlà pẹ́ńsùlù kò sì yẹ̀ lẹ́yìn òjò méjì, kí o pè mí, kí o bú mi, kí o ní bàbá rẹ ti darúgbó, ẹ̀rù òjò ló kù tó ń bà á. Inú mi á dùn débi pé màá jó.

Ṣùgbọ́n bí ó bá rọ̀, ẹ má sùn sínú rẹ̀ mọ́, kódà fún ìgbà díẹ̀ péré. Ẹ wá sílé. Ìyá rẹ ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò nínú yàrá kékeré láti ọjọ́ Ajé, kò kàn fẹ́ kí n sọ ni. Ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi iṣẹ́, ẹ má sì wo ojú èmi pàápàá. Ojú tì mí láti October títí di February, ìwọ lo sì wúkọ́ rẹ̀ fún mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, ní Mayesbrook.